Ojú Rẹ̀ Kò Wuni, Ẹnu Ló Mọ̀ Ọ́n

Ekukáká ni ohun jíjẹ kan fi wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún. Dónọ́ọ̀tì ní ọjọ́ tirẹ̀, písà ní tirẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì náà kò gbẹ́yìn. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi o: báńkì ń ṣí, ọmọ iléèwé ń lọ síléèwé, àwọn ọlọ́jà ló sì ń jèrè jù níbẹ̀. Èmi kì í dá sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àfi ọ̀kan, tó máa ń bọ́ sí 13 Oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti ń mú ní Massachusetts, tí ewé orí igi sì ti rẹ̀ dànù tán. Ọjọ́ Indian pudding ni wọ́n ń pè é. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, ọmọ Yorùbá wo ni yóò sì gbọ́ orúkọ àgbàdo tí kò ní yíjú?

Kò kan ilẹ̀ Íńdíà rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ń pe àwọn onílẹ̀ ní Indian, wọ́n ń pe àgbàdo tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn ní ọkà Indian, ibẹ̀ ni púdìǹgì náà ti jogún orúkọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìyẹ̀fun àgbàdo, mílíkì, mọ̀lásíìsì, bọ́tà, atalẹ̀, sínámónì àti iyọ̀ díẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn a fi ẹyin sí i. Mọ̀lásíìsì yìí ni omi dúdú kíki tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá se omi ìrèké tí wọ́n sì yọ ṣúgà kúrò nínú rẹ̀. Wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò gbé e sínú ààrò tí iná rẹ̀ kò le, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá jẹun tán ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ní gbígbóná, pẹ̀lú áìsìkirímù lórí.

Oúnjẹ àwọn àgbà ni. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n ń pè ní New England, ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọ̀dọ́ tó ń ta kọfí ní òpópónà lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní Boston, ilé oúnjẹ Durgin-Park, nítòsí gbọ̀ngàn Faneuil Hall, ni ọ̀pọ̀ àlejò ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ilé oúnjẹ náà ń sọ pé láti 1827 lòun ti wà, àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ níbẹ̀ sì lókìkí fún ẹnu mímú: bí oníbàárà bá ń fi àkókò ṣòfò, wọn yóò sọ ọ́ sí i lójú. Oṣù Kìíní 2019 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn ilé oúnjẹ díẹ̀ ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń gba irú àkókò yìí lórí iná, nílé ló ti ń dùn.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àgbàdo ṣe dé inú ìkòkò Gẹ̀ẹ́sì, Oṣù Kọkànlá kan náà ni ká padà sí, lọ́dún 1620. Ọkọ̀ Mayflower, tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ tẹ̀dó wá, ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Cape Cod ni. Àwọn tí wọ́n rán jáde láti wo ilẹ̀ náà rí òkìtì iyanrìn kan, wọ́n hú u, wọ́n bá apẹ̀rẹ̀ tó kún fún àgbàdo, tí àwọn onílẹ̀ rì mọ́lẹ̀ de ìgbà tí wọn yóò nílò rẹ̀. Wọ́n kó o lọ. Títí dòní, Corn Hill ni wọ́n ń pe òkè náà, ní ìlú Truro. Nílé wa, a mọ orúkọ tí à ń pe ẹni tó bá hú àgbàdo olóko lọ. Nínú ìwé tiwọn, Ọlọ́run ló pèsè. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, kí òtútù ọdún yẹn tó lọ, nǹkan bí ìdajì nínú àwọn èrò 102 tó bá ọkọ̀ náà wá ló ti kú.

Lọ́dún 1621, nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tisquantum, ọmọ ìlú Patuxet, yọ sí wọn, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bó ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé délẹ̀. Ní 1614, ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Thomas Hunt tan òun àtàwọn ará ìlú rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó kó wọn lọ sí Málaga ní Sípéènì láti tà wọ́n lẹ́rú. Tisquantum bọ́ níbẹ̀, ó dé London, ó wá ọ̀nà títí ó fi padà sílé ní 1619. Ó délé, kò bá ẹnì kan. Àjàkálẹ̀ àrùn ti pa ìlú náà run. Orí ahoro Patuxet yẹn gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìlú wọn, Plymouth, sí. Òun ló wá jókòó tì wọ́n, tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo, àti bí wọ́n ṣe ń ri ẹja mọ́ ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Ẹni tí òyìnbó jí gbé ló kọ́ òyìnbó bí yóò ṣe jẹun.

Wọn kò tètè fẹ́ràn àgbàdo náà. Àlìkámà ni wọ́n mọ̀, àlìkámà kò sì fẹ́ ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ olókùúta yẹn. Ní ìlú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń ro ìyẹ̀fun àlìkámà sínú omi tàbí mílíkì gbígbóná, wọ́n ń pè é ní hasty pudding nítorí pé kì í pẹ́ jinná. Wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ti ń se tiwọn látayébáyé: wọ́n ń gún àgbàdo, wọ́n ń sè é nínú omi títí yóò fi rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Roger Williams kọ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ Narragansett ń pè é, nasaump, sínú ìwé tó ṣe lórí èdè wọn ní 1643. Ẹni tó bá ti jẹ ègbo rí ti mọ nasaump tán. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di irúgbìn oko, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etíkun wa lẹ́yìn tí wọ́n rí ọ̀nà Amẹ́ríkà. A ti fi ṣe ẹ̀kọ, a ti fi ṣe ègbo, a ti sun ún, a ti bọ̀ ọ́, títí a fi gbàgbé pé àlejò ni.

Oúnjẹ tí kì í pẹ́ jinná wá di èyí tó ń sùn nínú ààrò. Ẹ̀sìn ló fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Gẹ̀ẹ́sì onísìn líle tó tẹ̀dó síbẹ̀, ti wọ inú ìsinmi Ọlọ́run nìyẹn, iṣẹ́ ilé ìdáná ti parí. Nítorí náà, bí wọ́n bá yan búrẹ́dì tán nínú ààrò bíríkì, ìkòkò ẹ̀wà àti ìkòkò púdìǹgì ni wọn yóò tì sínú ooru tó kù, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Mọ̀lásíìsì ló fa ìyókù. Ó dúdú, ó ki, ó fẹ́ kí a sè é pẹ́ kó tó rọ̀ mọ́ àgbàdo lára. Ó sì dínwó ju ṣúgà lọ fíìfíì.

Ìdí tó fi dínwó ni mo fẹ́ ká dúró lé. Barbados, Jamaica, Martinique, Saint-Domingue tó di Haiti lónìí: orí àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni oko ìrèké wà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gé e, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń sè é lọ́sàn-án lóru nígbà ìkórè. Àwọn oníṣòwò New England ń kó pákó àti ẹja oníyọ̀ lọ sí ibẹ̀, wọ́n ń kó mọ̀lásíìsì bọ̀. Ẹja tó burú jù nínú ọjà, èyí tí ará Yúróòpù kò ní rà, òun ni wọ́n ń kó fún ẹrú jẹ. Nígbà tí mọ̀lásíìsì bá gúnlẹ̀, díẹ̀ a wọ ilé ìdáná, púpọ̀ a wọ ilé ìpọntí, a di ọtí rọ́ọ̀mù. Àwọn ọkọ̀ Rhode Island a sì kó rọ́ọ̀mù náà lọ sí Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, wọn a fi í ra ènìyàn. Láàárín 1709 sí 1807, ìrìnàjò tí wọ́n rìn fún òwò yìí láti Rhode Island nìkan lé ní 900. Peter Faneuil, tó fi owó rẹ̀ kọ́ Faneuil Hall fún ìlú Boston ní 1742, òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín gbọ̀ngàn náà àti ibi tí wọ́n ti ń bu púdìǹgì fún àlejò nígbà kan ní Durgin-Park.

Mọ̀lásíìsì kó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sínú wàhálà. Ní 1733, London bu owó orí, pẹ́ńsì mẹ́fà lórí gálọ́ọ̀nù kan, lé mọ̀lásíìsì tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá. Fàyàwọ́ ni àwọn oníṣòwò New England fi dá a lóhùn. Ní 1764 London dín in kù sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fẹ́ gbà á ní tòótọ́, ìbínú ọjà sì pọ̀ sí i. John Adams, tó di ààrẹ kejì Amẹ́ríkà, sọ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ pé kò sí ìtìjú nínú ká jẹ́wọ́ pé mọ̀lásíìsì wà lára ohun tó bí òmìnira wọn. Àwọn ará Boston tún ní ìdí mìíràn tí wọn kò fi lè gbàgbé rẹ̀: ní 15 Oṣù Kìíní 1919, àgbá ńlá kan tó gba gálọ́ọ̀nù mọ̀lásíìsì tó lé ní mílíọ̀nù méjì bẹ́ ní North End, ó ya bí odò, ó sì pa ènìyàn 21. Ohun tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ ọmọdé ni o.

Ní 1796, obìnrin kan tó ń jẹ́ Amelia Simmons, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrukàn ní ojú ìwé àkọ́kọ́, tẹ ìwé oúnjẹ kan jáde ní Hartford, Connecticut. American Cookery ni orúkọ rẹ̀, ìwé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ tí wọ́n sì tẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló kọ sílẹ̀ fún Indian pudding. Ẹni tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ ẹni tó lówó àti ẹni tí kò ní. Ti àkọ́kọ́ gba ẹyin méje àti èso àjàrà gbígbẹ. Ti ìkejì gba ẹyin méjì, ó sì yọ̀ǹda kí á lo ṣúgà tàbí mọ̀lásíìsì. Ti ìkẹta kò ní ẹyin rárá: àgbàdo, iyọ̀, mílíkì, ohun tó dùn díẹ̀, kí á dì í sínú aṣọ tó lágbára tàbí kí á rọ ọ́ sínú ìkòkò, kí á sì bọ̀ ọ́ fún wákàtí 12. Ìkẹta yìí ni mo gbà pé ó sún mọ́ gbòǹgbò jù.

Èmi kò bọ̀ ọ́ fún wákàtí 12. Ìyá àgbàlagbà kan tí ilé wa jọ kọjú síra, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Maine, ló ṣàlàyé bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é fún mi, ojú ni òun sì fi ń wọn gbogbo nǹkan. Ìwọ̀n tí mo bá jáde níbẹ̀ nìyí: ife mílíkì márùn-ún, ìdajì ife ìyẹ̀fun àgbàdo, ìdajì ife mọ̀lásíìsì, ṣíbí ìjẹun bọ́tà mẹ́ta, ṣíbí tíì kan atalẹ̀ gbígbẹ tí a gún, ìdajì irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ sínámónì, àti iyọ̀. Mílíkì mẹ́rin ló kọ́kọ́ ń lọ sórí iná. Ìkarùn-ún ní iṣẹ́ tirẹ̀ níwájú.

Mílíkì náà kò gbọdọ̀ hó. Bí èéfín bá ti ń yọ létí ìkòkò, ọwọ́ kan a máa fọ́n ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kejì a máa rò ó, kò sì gbọdọ̀ dúró, nítorí bí ó bá dúró, kókó dì nìyẹn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti rán nídìí ẹ̀kọ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ níbí. Fún ìgbà díẹ̀ yóò dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omi lásán; lẹ́yìn náà ni ṣíbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Níbi tí mo ti ń rò ó ni àǹtí mi pè mí láti Abẹ́òkúta, tó ní kí n yí fóònù kí òun lè rí ìkòkò.

"Kí lò ń rò yẹn?"

"Àgbàdo ni, mà. Mílíkì ni wọ́n fi ń sè é níbí."

"Ẹ̀kọ mà nìyẹn. Àkàrà ńkọ́?"

"Wọn kì í fi àkàrà jẹ ẹ́, Àǹtí. Áìsìkirímù ni."

Wọ́n wò mí títí. "Ó dáa. Ṣáà rí i pé ó jinná."

Mọ̀lásíìsì ló kàn. Bó ṣe ń ṣàn wọlé báyìí, funfun inú ìkòkò á ya sí ìlà dúdú, ìlà dúdú á fẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì di àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí òjò rọ̀ sí. Bọ́tà, atalẹ̀, sínámónì àti iyọ̀ tẹ̀ lé e. Mo dà á sínú àwo amọ̀ tí mo ti fi bọ́tà pa, mo gbé e sínú ààrò ní ìwọ̀n 150 ti Celsius. Nígbà tí ó tó wákàtí kan, tí ojú rẹ̀ ti ń gba awọ, mo da ife mílíkì tó kù lé e lórí ní tútù, n kò sì rò ó mọ́. Ìyá àdúgbò wa tẹnu mọ́ èyí gan-an. Mílíkì tútù yẹn ni yóò rọra wọlé láti òkè, tí abẹ́ yóò fi le díẹ̀ tí àárín yóò sì rọ̀. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba òórùn atalẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ń wọ ilé ìdáná wá láìsí ẹni tó pè wọ́n.

Kí n má parọ́, ojú rẹ̀ kò wuni. Ó jáde ní dúdú tó pọ́n, ó rún lójú, omi fẹ́ẹ́rẹ́ yọ yí etí àwo náà ká. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ omi etí àwo yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú ààrò. A kì í tètè bù ú. Yóò simi bí ìdajì wákàtí kó tó gbára jọ.

Kò dùn bí kéèkì. Mọ̀lásíìsì ní ìkorò díẹ̀ lábẹ́ adùn rẹ̀, atalẹ̀ a sì mú ni lọ́fun lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì. Hóró àgbàdo wínníwínní ṣì wà níbẹ̀, ahọ́n ń rí wọn. Áìsìkirímù tó ń yọ́ lórí rẹ̀ ṣe é lóore, n kò ní jiyàn, ṣùgbọ́n mo rò pé ìpara wàrà lásán tí kò ní ṣúgà tó o. Àbúrò nínú àwọn ọmọ mi tì í sẹ́yìn; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ tirẹ̀, ó sì jẹ ti àbúrò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú tọ́ ọ wò, ó ní bí òun bá ti fi gaàrí lé e lórí ni, kì bá sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Púdìǹgì yìí mú mi ronú sí àádùn wa. Àgbàdo náà ni: a yan án, a lọ̀ ọ́, a fi epo pupa pò ó, pẹ̀lú oyin tàbí ṣúgà àti iyọ̀, a sì fi ewé dì í. Kò sí ẹni tó ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún àádùn lórí kàlẹ́ńdà, kò sì ṣaláìní ọjọ́, nítorí ọmọ ń bẹ láyé tí wọn yóò máa sọ lórúkọ, àádùn sì ní àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, obì, orógbó àti ataare. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Indian pudding náà níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà kan: ààrò Sátidé ń retí rẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọjọ́ Ìdúpẹ́, ìyẹn Thanksgiving, ń retí rẹ̀. Ààrò bíríkì kógbá wọlé, ṣúgà funfun dínwó ní ìparí àwọn ọdún 1800, kò sì sẹ́ni tó ní wákàtí mẹ́ta mọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ oúnjẹ ni wọ́n tó ń bá a wá ọjọ́. Èyí ni kò jẹ́ kí n fojú kéré 13 Oṣù Kọkànlá yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sábà dárúkọ Tisquantum, tí wọn kì í sì í mẹ́nu kan àwọn tó gé ìrèké. Ó sì yẹ kó dun àwa náà pé ní ọ̀pọ̀ ìsọmọlórúkọ níhìn-ín, súìtì oníbébà ni a ń gbé kalẹ̀ níbi tí ó yẹ kí àádùn wà, nígbà tí ìyẹ̀fun àgbàdo àti epo pupa wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Áfíríkà.

Bí ẹ bá fẹ́ dán púdìǹgì náà wò, ìyẹ̀fun àgbàdo pupa tó rí wínníwínní ni kí ẹ rà. Ògì ti kan, yóò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Mọ̀lásíìsì tí wọ́n kọ blackstrap sí lára korò jù, ẹ fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ọjọ́ tí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ ń sáré lọ ni kí ẹ sè é. Kí ẹ má sì jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí èyí tó bá sùn mọ́jú, tí ẹ bù jẹ ní tútù láàárọ̀, ló dùn jù.